Géèmù ń kọsẹ̀ lórí laptop iṣẹ́ tó ń lo Intel UHD 620: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Eré

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Laptop tí mo ń lò, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń rà fún òṣìṣẹ́ wọn ni. Ibi iṣẹ́ wa ni wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra tuntun, wọ́n ní kí n máa mú èyí lọ. i5-8250U ló wà nínú ẹ̀, RAM 8 GB, SSD, ojú ìwòran ínǹṣì 14 tó jẹ́ 1920×1080. Intel UHD 620 ni graphics rẹ̀, kò sí òmíràn.

Géèmù eré ìje ọkọ̀ kan ni mò ń gbá, kì í sì í ṣe tuntun rárá, ó ti pẹ́ lọ́jà. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, á máa lọ geere, fps (iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) á wà ní nǹkan bí 45. Kí n tó yí pápá ìje po lẹ́ẹ̀kan, á ti já sí 20, ọkọ̀ á máa kọsẹ̀, ohùn pàápàá á máa gé. Tí mo bá dá a dúró fúngbà díẹ̀ tí mo tún padà sí i, á tún dáa, á sì tún bàjẹ́.

Ẹnì kan ní memory 128 MB péré ni graphics mi ní, pé kí n wá sọ́fíwéà tó ń fi kún un. Ẹlòmíràn ní kí n pa Windows rẹ́, kí n tún òmíràn fi sí i. Mi ò tíì ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ojú_Abẹ

Laptop iṣẹ́ ni laptop iṣẹ́. Lẹ́tà kíkọ àti ìpàdé orí fídíò ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ tà á, kí ẹ fowó náà kún èyí tó ní graphics gidi. Ó tán.

Ìyá_RAM

Ojú_Abẹ, ẹ rọra. Kò kúkú ní òun fẹ́ gbá géèmù tó jáde lánàá. UHD 620 kò lágbára, òótọ́ ni: execution unit (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán) 24 péré ló ní, iyára tó sì ga jù tó lè sá lórí i5-8250U ò ju 1,100 MHz lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní 45 tó wá já sí 20, àìlágbára nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ká ní agbára ni kò tó, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ì bá ti máa fà.

Ọmọ_Eré, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ 128 MB. UHD 620 ò ní memory tirẹ̀ rárá, inú RAM ló ti ń bù lò. 128 MB tí wọ́n rí yẹn, èyí tí BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) yà sọ́tọ̀ fún un kí Windows tó gbéra ni. Tí géèmù bá fẹ́ ju ìyẹn lọ, Windows á fún un, ó sì lè fún un tó nǹkan bí ìdajì RAM. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ GPU, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n kọ Shared GPU memory sí. Kò sí sọ́fíwéà tó lè fi memory kún chip tí kò ní memory. Ẹni tó bá ní òun ní irú ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ló fẹ́ gbé wọ ẹ̀rọ yín.

Níbẹ̀ náà, ẹ tẹ Memory, ẹ wo iye tó wà níwájú Slots used, kí ẹ sọ ọ́ fún wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Device Manager, ẹ ṣí Display adapters. Ṣé Intel UHD Graphics 620 ló wà níbẹ̀, àbí Microsoft Basic Display Adapter? Tó bá jẹ́ èkejì, a jẹ́ pé kò sí driver (sọ́fíwéà tí Windows fi ń darí graphics) nílẹ̀, processor nìkan ló ń ya gbogbo àwòrán.

Ọmọ_Eré

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Slots used jẹ́ 1 of 2. Intel UHD Graphics 620 ló wà ní Display adapters, Shared GPU memory sì jẹ́ 3.9 GB. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ 128 yẹn.

Wáàtì15

Àbúrò, kó o tó na kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ooru lè fa ohun tí ò ń rí yìí, ṣájà lè fà á, RAM lè fà á, òfin wáàtì tí wọ́n fi de chip náà lè fà á. Lójú ẹni tó ń gbá géèmù, bákan náà ni gbogbo wọn rí.

Òfin wáàtì ni mo fura sí jù. 15 W ni Intel kọ sára i5-8250U, nínú 15 W yẹn sì ni processor àti graphics ti jọ ń jẹ. Ààlà méjì ló wà níbẹ̀. PL1 ni èyí tó lè máa jẹ títí lọ. PL2 ga ju ìyẹn lọ, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ yẹn ní òǹkà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tau. Ìṣẹ́jú-àáyá 28 ni Intel sábà máa ń fi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ṣe laptop lè yí i padà. Ìyẹn ni pé tí géèmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ẹ̀rọ á jẹ ju 15 W lọ, gbogbo nǹkan á máa fò. Tí àkókò bá pé, á padà sí 15 W. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́: processor tó fẹ́ sáré dé 3.4 GHz á gba tiẹ̀ tán, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni graphics á máa rọ́jú lò. Tó o bá wá dá géèmù dúró díẹ̀, òǹkà yẹn á tún bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dáa tó o bá padà.

Àmọ́ ìfura lásán nìyẹn, wíwọ̀n ló máa là á. Gba HWiNFO, sọ́fíwéà tó ń ka wáàtì, ooru àti iyára, sórí ẹ̀rọ, yan Sensors-only nígbà tó bá ń ṣí. Ohun tó o máa wò ni CPU Package Power, ìwọ̀n ooru CPU Package, GPU Clock, àti gbogbo ìlà tó wà lábẹ́ Performance Limit Reasons. Jẹ́ kó máa kọ gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì CSV, kó o wá gbá géèmù bó o ṣe máa ń gbá a. Má kàn wo ibi tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kó bàjẹ́ dáadáa.

Tí Package Power bá já sí 15 W gbáko tí ooru ò sì ju 75 sí 80 dígírì lọ, PL1 ni, eruku kọ́. Tí ooru bá ń lu 95 lọ sókè, fáànù àti eruku ló ń bá ẹ jà, torí 100 dígírì ni òpin chip yẹn, á ti máa bẹ̀rù kó tó débẹ̀. Tí processor bá wá wọlẹ̀ sí 400 tàbí 800 MHz tí kò gbéra mọ́, ṣájà ni kó o wò.

Ṣájà_Gidi

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti ẹ̀gbọ́n Wáàtì. Àwọn laptop iléeṣẹ́ kan máa ń bi ṣájà pé wáàtì mélòó ló lè gbé. Tí ṣájà ò bá dáhùn, bóyá torí pé ayédèrú ni, bóyá torí pé ẹnu ẹ̀ ti jẹ, ẹ̀rọ á fa processor sẹ́yìn pátápátá, kódà kí bátìrì kún. USB-C tún wá dá kún un: ṣájà fóònù 18 W á wọ inú ihò náà wẹ́rẹ́, iná á tàn, ẹni tó ni ín á rò pé ó ti parí. 45 W tàbí 65 W ni ọ̀pọ̀ laptop ínǹṣì 14 ń fẹ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Output sí lára ṣájà, ẹ fi V sọ A di púpọ̀. 20 V lọ́nà 3.25 A, 65 W nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún máa ka fps lórí bátìrì. Windows fúnra ẹ̀ ló ń dín agbára kù níbẹ̀. Ẹ fi iná sí i, ẹ gbé e sí Best performance. Nínú BIOS pàápàá, àwọn kan ní ibi tí wọ́n ti máa ń yan Quiet tàbí Performance fún fáànù. Èyí tó wá láti ọ́fíìsì lè wà ní Quiet látọjọ́ yìí, kó má baà máa pariwo nípàdé.

Dọ́ọ̀kì

Ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í: ṣé ojú laptop gan-an lẹ ti ń gbá géèmù, àbí mónítọ̀ ni? Tó bá jẹ́ mónítọ̀, wáyà wo ló so wọ́n pọ̀?

Ọmọ_Eré

Mónítọ̀ ni. Dock (àpótí tó ń so ohun púpọ̀ mọ́ laptop) tí wọ́n fún mi pẹ̀lú laptop ni mo so ó mọ́, USB kan ṣoṣo ló lọ sínú laptop, ohun gbogbo sì wà lára dock: keyboard, mouse, mónítọ̀.

Dọ́ọ̀kì

Ó dà bíi pé ọwọ́ wa ti ba nǹkan. Dock oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń gbé àmì àwòrán látinú graphics lọ tààrà, nípasẹ̀ USB-C tó ní DisplayPort tàbí Thunderbolt. Ìyẹn ò ní wàhálà. Èkejì ń lo DisplayLink: processor ló máa ń mú gbogbo àwòrán tí graphics bá yà, á ká a pọ̀ kó kéré, á wá rán an gba USB kọjá, dock á sì tú u sílẹ̀ fún mónítọ̀. Fún Excel àti íméèlì, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Fún géèmù, iṣẹ́ mìíràn lẹ tún kó lé processor lórí yẹn, látinú 15 W kan náà tí Wáàtì15 ń sọ ló sì ti ń jẹ. Àwòrán á tún máa pẹ́ kó tó dé mónítọ̀, ọwọ́ yín á ti yà kí ọkọ̀ tó yà.

Ẹ wò ó nínú Installed apps bóyá DisplayLink wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ yọ mónítọ̀ kúrò lára dock, ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ laptop tààrà. Keyboard àti mouse lè dúró síbi tí wọ́n wà. Kí ẹ sì yan Second screen only, kí ojú laptop sinmi.

Méjì_Nínú_Ọ̀kan

Fún àwọn tó bá tún ka ìwé yìí tí tiwọn ní graphics méjì: laptop iléeṣẹ́ mìíràn ní NVIDIA lẹ́gbẹ̀ẹ́ Intel, bíi MX150 tàbí Quadro. Windows lè gbé géèmù fún Intel láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí Settings, System, Display, Graphics, ẹ fi géèmù náà síbẹ̀, ẹ yan High performance. Ẹ wá wo Task Manager nígbà tí géèmù bá ń lọ, GPU wo ló ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ kí orúkọ NVIDIA má tan yín o. NVS 5400M tó wà nínú àwọn laptop iléeṣẹ́ àtijọ́, CUDA core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán nínú NVIDIA) 96 péré ló ní. Mónítọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni NVS wà fún.

Afẹ́fẹ́_Tútù

Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ ThrottleStop, sọ́fíwéà tí wọ́n fi ń yí ètò processor padà? Ẹ dín voltage processor kù díẹ̀, á máa jẹ wáàtì tó kéré sí i fún iṣẹ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é lọ, ẹ pa BD PROCHOT.

Wáàtì15

Apá àkọ́kọ́ dáa tó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lóṣù December 2019, wọ́n kéde àléébù ààbò kan tí wọ́n pè ní Plundervolt, tí ẹni ibi lè fi voltage dàrú ohun tí processor ń pa mọ́. Intel ní kí wọ́n ti ọ̀nà náà pa látinú BIOS, ọ̀pọ̀ laptop tó gba BIOS tuntun lẹ́yìn ìgbà náà ni kò sì gbà kéèyàn fọwọ́ kan voltage mọ́. Laptop iléeṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ gba irú BIOS bẹ́ẹ̀, torí àwọn IT wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Kéèyàn wá dá BIOS padà sẹ́yìn nítorí fps mélòó kan, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀.

Apá kejì ni mi ò fara mọ́. BD PROCHOT ni ohùn tí àwọn ẹ̀yà ara yòókù fi ń sọ fún processor pé kó dẹwọ́. Ẹni tí ṣájà ẹ̀ ò lágbára tó wá pa á, ó ti pa ẹnu tí ń kígbe ni, ṣájà á sì máa jóná lọ níbẹ̀. Sensor tó bàjẹ́ tó ń parọ́ lè wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ wádìí ìyẹn dájú kẹ́ ẹ tó pa á.

Alákòóso_IT

Láti ọ̀dọ̀ àwa tí wọ́n ń bú: ẹ wo ohun tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Sọ́fíwéà ààbò wa máa ń yẹ gbogbo fáìlì tí géèmù bá ṣí wò, VPN á máa lọ lábẹ́lẹ̀, sọ́fíwéà tó ń ka ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà á máa yọjú ní àkókò tiẹ̀. Èyí kì í fa irú jíjá tó ṣe gbáko bíi ti Ọmọ_Eré, kíkọsẹ̀ òjijì ló máa ń fà, tó bá ń ka disk. Tí wọ́n bá ti yọ laptop kúrò lórúkọ iléeṣẹ́ lóòótọ́, ẹ ní kí àwọn IT yọ tiwọn kúrò pátápátá. Tó bá ṣì jẹ́ ti iléeṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ó kàn fa ẹjọ́ sọ́rùn yín ni.

Ní ti driver: lóṣù July 2022 ni Intel kó graphics processor ìran kẹfà sí ìkẹwàá sí ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé àtúnṣe pàtàkì àti ti ààbò nìkan ló kù fún wọn. Ìran kẹjọ ni UHD 620 yín. Tí driver yín bá ti pẹ́ ju ìgbà yẹn lọ, ẹ mú un dé tuntun lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ má retí pé ti oṣù tó ń bọ̀ á fi fps kún un.

Ọmọ_Eré

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti wọ̀n ọ́n. DisplayLink ló wà lórí dock lóòótọ́. Kí n tó yọ ọ́, Package Power bẹ̀rẹ̀ ní 27 W, lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú ó já sí 15.0, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi. Ooru ò kọjá 74. Ìlà kan tó ń jẹ́ IA: Package-Level RAPL/PBM PL1 kọ Yes, ti GT náà kọ ọ́. GPU Clock tó wà ní 1,100 wálẹ̀ sí 700 àti díẹ̀. 65 W ni ṣájà, òun ló sì bá a wá.

Mo so HDMI tààrà. Ó ṣì ń já ní àsìkò kan náà, ṣùgbọ́n 27 ló já sí dípò 20, ọwọ́ mi àti ọkọ̀ sì ti ń jọ yà. Kí ló kàn?

Wáàtì15

GT tó kọ Yes yẹn ni mo fẹ́ gbọ́: processor ni IA, graphics ni GT, PL1 ló sì ń dá méjèèjì dúró. Ọ̀rọ̀ ti yé wa báyìí, ká má tún yọ eruku tàbí paste (ohun tí wọ́n ń fi sórí chip kí ooru lè kúrò) lẹ́nu.

Kọ́kọ́ dín pixel kù. 1920×1080 jẹ́ 2,073,600. 1280×720 jẹ́ 921,600, kò tó ìdajì. Tí 720 bá ti rí ràndànràndàn jù lójú ẹ, 1600×900 wà láàárín, 1,440,000.

Èkejì, so fps mọ́ 30, nínú géèmù tàbí pẹ̀lú RTSS, sọ́fíwéà tó ń fi òpin sí fps. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fojú kéré 30. 30 tó dúró ṣinṣin, tí frame (àwòrán) kọ̀ọ̀kan ń dé ní mílísẹ́kọ́ńdì 33, sàn fún ọkọ̀ wíwà ju 45 tó ń di 20 lọ. Ó tún ń jẹ́ kí chip sinmi láàárín frame méjì, ìyẹn ni wáàtì tí kò ná.

Ẹ̀kẹta, inú Power Options, Processor power management, gbé Maximum processor state sí 99%. Processor ò ní lo turbo (sísáré ju iyára ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ) mọ́, á dúró sí nǹkan bí 1.6 GHz, wáàtì tó bá fi sílẹ̀ á kọjá sọ́dọ̀ graphics. Géèmù tó ń fẹ́ processor púpọ̀ ò ní fẹ́ràn èyí o, nítorí náà dán an wò lọ́tọ̀, lẹ́yìn méjì àkọ́kọ́. Tó o bá padà sẹ́nu iṣẹ́, dá a padà sí 100%.

Ìyá_RAM

Ẹ má jẹ́ kí ihò RAM tó ṣófo yẹn lọ lásán. RAM DDR4-2400 kan ṣoṣo ń gbé 19.2 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, 38.4. Graphics tó ní memory tirẹ̀ ò ní bìkítà. Ṣùgbọ́n UHD 620 ń bá processor du ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn, torí náà RAM kejì máa ń hàn lára ẹ̀ ju lára ẹ̀rọ mìíràn lọ. Ẹ ra DDR4 SO-DIMM (RAM kékeré ti laptop) 8 GB, 2400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sáré wálẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe é, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ 8 bíi ti àkọ́kọ́, kí gbogbo ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ pọ̀.

Kí ẹ tó ṣí ìdí laptop, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà. Ẹ wo BIOS, ọ̀pọ̀ laptop iléeṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti máa ń pa bátìrì inú, tí kò ní tàn mọ́ títí tẹ́ ẹ ó fi ki ṣájà bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ RAM wọlé, ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ ihò, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dún kẹ́. Nínú CPU-Z (sọ́fíwéà tó ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ), abẹ́ Memory, Channel gbọ́dọ̀ kọ Dual.

Ọmọ_Eré

RAM ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Pẹ̀lú 1280×720 àti 30, ó ti dúró: Package Power ń wà ní 12 sí 13 W, GPU Clock ò kúrò lókè 1,000, àti ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìje bákan náà. 99% ò tún fi nǹkan kan kún un, mo ti dá a padà. Ibì kan ṣoṣo tó ṣì ń kọsẹ̀ ni pápá tí òjò ti ń rọ̀ lálẹ́.

Ojú_Abẹ

Ó da. Mo gbé ọ̀rọ̀ títà mi mì. Kí lẹ fi reflection sí?

Ọmọ_Eré

High. Bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wáàtì15

Pa á pátápátá. Ilẹ̀ tó tutù tí iná ń tàn sí, géèmù ń tún apá kan àyíká yà lẹ́ẹ̀kan sí i ni, inú RAM kan ṣoṣo yẹn ló sì ń gbà. Shadow ló tẹ̀ lé e, mú un wá sí Low, kó o sì pa motion blur. Fi texture sílẹ̀ ní Medium, ìyẹn ò dá a dúró. Tí RAM kejì bá dé, dá reflection padà sí Low lákọ̀ọ́kọ́, kó o gbé fáìlì CSV ti pápá òjò yẹn síbí.